Orí Ẹja Tí Àǹtí Sikírá Fún Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ká ní ọ̀rọ̀ yìí ṣeé gbé mì ni, ǹ bá ti gbé e mì. Ṣùgbọ́n àná ni nǹkan kan dé sí mi láti Ẹ̀pẹ́. Ó wà lórí tábìlì níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó ń wò mí.

Ọmọ Ẹnu Ọwá ni mí. Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, èmi ni mo sì fún ara mi lórúkọ yẹn. Mi ò parí sẹ́kọ́ńdírì, ẹnu mi ló lé mi kúrò níbẹ̀. Ni mo bá ní mo máa ṣe GCE fúnra mi, mo sì máa páàsì gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ ọ́ fún oníbàtà, mo sọ ọ́ fún lèmọ́mù, mo sọ ọ́ fáwọn ọmọge Balógun tí ò tiẹ̀ bi mí.

Àǹtí Sikírá nìkan ló gbà mí gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, wọn ò bímọ. Yàrá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá wọn nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Ẹja yíyan ni wọ́n ń tà. Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, wọ́n á gbé orí ẹja kan wá fún mi nínú àwo.

"Lọ́yà mi, jẹ ẹ́. Orí ló ń tún orí ṣe. Má ṣẹ́ ojú ẹ̀ kù o, òun ló ń jẹ́ kéèyàn rántí ìwé."

Àwọn tá a jọ ń kàwé lÓníkan ní ẹni tó bá sùn ti fèèlì. Ni mi ò bá sùn mọ́. Mò ń jẹ obì, mò ń lá kọ́fí gbígbẹ, mò ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Nígbà tó yá, lẹ́tà inú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Wàláì, bí ìjàlọ ni. Wọ́n kúrò nínú ìwé, wọ́n wọ orí mi, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó yẹ kí n sọ pé ó ti rẹ̀ mí. Àmọ́ ṣé ó ń rẹ Lọ́yà ni?

Ọjọ́ ìdánwò, lọ́dún tá a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà, mo jókòó, mo kọ orúkọ mi, ọwọ́ mi ò kọ nǹkan míì mọ́. Mo dìde, mo jáde.

Gbogbo ilé ti ń dúró. Bàbá mi ní, "Lọ́yà, ṣé o ti nà wọ́n dáadáa?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ojú tì mí. Mo rí àwo tí Àǹtí ti bò dè mí. Mi ò ronú rárá. Mo ní, "Ẹja yẹn ni. Àtìgbà tí mo ti ń jẹ ẹ́ ni nǹkan ti ń rìn lórí mi."

Gbogbo ojú yí sí Àǹtí.

Obìnrin tí ò bímọ, tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ lóúnjẹ. Ẹ̀yin náà mọ ibi tírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń já sí. Ìyá mi da àwo náà nù. Ẹbí ní kí Àǹtí kúnlẹ̀ níwájú sàréè bàbá wọn, kí wọ́n búra. Wọ́n kúnlẹ̀, àmọ́ èmi ni wọ́n ń wò.

"Lọ́yà, ẹja lásán ni mo fún ẹ o. Sọ fún wọn."

Mi ò sọ. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó ẹrù Àǹtí dé Ẹbúte Èrò. Àǹtí bá ọkọ̀ ojú omi lọ Ẹ̀pẹ́, sílé ìyá wọn. Bàbá mi ti yàrá wọn pa.

Àtìgbà yẹn, tó bá ti di ọ̀sán gangan, òórùn ẹja yíyan á máa jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Mo rò pé orí mi ni. Àmọ́ mo rí i tí bàbá mi fa imú lórí àga, tí wọ́n gbé àga wọn lọ síta láìsọ nǹkan kan. Ìyá mi kì í gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá lọ́sàn-án mọ́. Lọ́jọ́ kan mo gbétí sí ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ń ha àwo nínú yàrá tí wọ́n ti tì pa. Tó bá jẹ́ pé Àǹtí ti kú ni, ǹ bá ní òkú ni. Wọ́n wà láàyè l'Ẹ̀pẹ́. Ta ló wá ń ha àwo?

Ní báyìí, ara Àǹtí ò yá. Wọ́n ránṣẹ́ wá pé táwọn bá kú, kí wọ́n sin àwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àwọn. Bàbá mi ní àjẹ́ kankan ò ní wọlẹ̀ nínú ilé yìí. Mo wà níbẹ̀. Èmi ẹlẹ́nu, mo di ẹnu mi mú.

Àná wá ni obìnrin kan láti Ẹ̀pẹ́ fa nǹkan tí wọ́n fi ewé wé lé mi lọ́wọ́.

"Àǹtí ẹ gbọ́ pé o tún fẹ́ ṣe ìdánwò. Wọ́n ní kó o má ṣẹ́ ojú ẹ̀ kù."

Oòrùn ti ń kan àtàrí báyìí. Eléyìí tó wà níwájú mi ń rùn, ti inú yàrá yẹn náà ti bẹ̀rẹ̀. Òórùn kan náà ni. Tí mo bá jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa mọ́ Àǹtí, bàbá mi á lé mi. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, ibòmíràn ni wọ́n máa sin Àǹtí sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, bàbá mi tó jókòó síta ni, àbí Àǹtí l'Ẹ̀pẹ́? Orí ẹja yìí wá ńkọ́? Ṣé ó ṣì tọ́ kí n jẹ ẹ́?