Ọjọ́ Tí Màmá Dákẹ́ Lẹ́yìn Ọkọ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, nítorí ọpẹ́ tó wà lẹ́nu mi kọjá èyí tí mo lè dúró dá. Jésù, o ṣeun. Ọba tó ń gbọ́ ohun tí etí èèyàn ò gbọ́, mo dúpẹ́.

Ẹ mọ ìdílé wa. Bí a bá ń bọ̀ láti Agbowó, ẹ máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a kó ara wa sínú mọ́tò kékeré bíi sàdín inú agolo. Ọmọ mẹ́rin, èmi, bàbá wọn, àti Màmá tó bí ọkọ mi. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká ra bọ́ọ̀sì kékeré onílẹ̀kùn fífà, èyí tó ní ìjókòó lẹ́yìn dáadáa.

Ará, àtira ọkọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí lẹ́mìí. Méjì la rí ní Challenge, pupa kan àti aláwọ̀ eérú kan. Ọkọ mi, Dádì Tolú, fẹ́ aláwọ̀ eérú. AC rẹ̀ tutù, mẹ́káníìkì wa láti Mọ́kọ́lá sì ti ṣí iwájú rẹ̀ wò, ó ní ẹ́ńjìnnì ò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀, mi ò sì lè sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Mo gbààwẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run fi àmì hàn mí. Mo ń retí àlá. Àlá ò wá, oorun gan-an ò wá. Ọkọ mi ní bí mo bá ń dúró de áńgẹ́lì, ẹlòmíràn á ra ọkọ̀ náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kó gbogbo ilé lọ láti gbé e wò. Ọkọ mi ń wà á, ọkùnrin tó ń tà á jókòó tì wọ́n, èmi àti àwọn ọmọ méjì tó kéré wà láàárín. Mo bẹ Màmá kí wọ́n jókòó tì mí, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ méjì tó dàgbà, Tolú àti Dára, làwọn ń lọ, lẹ́yìn pátápátá. Ọkùnrin náà ní ká ti wíńdò, ká lè gbádùn AC.

Ẹ mọ̀ pé Màmá kì í wọ ọkọ̀ láìkọrin. Bí a ṣe ń kúrò ni wọ́n dá orin ọpẹ́ sílẹ̀, tohùn tàtẹ́wọ́. Ọkọ mi ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀ ká gbọ́ dídún ẹ́ńjìnnì."

Màmá ní, "Ẹ́ńjìnnì ò kúkú ní kí n má kọrin." Wọ́n ń bá orin lọ.

Nígbà tí a dé Ring Road, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá wa dúró. Orí ń fọ́ mi, mo rò pé àìsùn ni. Nígbà tó yá, ọkọ mi mí kanlẹ̀, wọ́n ní ẹ ṣeun o, Màmá. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé orin ti dákẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ, kò sẹ́ni tó ní kí Màmá dákẹ́ tí wọ́n dákẹ́ rí. Pásítọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Orí Màmá ti tẹ̀ sórí àyà, àwọn ọmọ méjèèjì wó lé wọn lára, ojú wọn ò sì jọ ti ẹni tó sùn lásán.

Mi ò mọ bí mo ṣe fa ilẹ̀kùn yẹn. Orúkọ Jésù ni mo kàn ń pè. Àwọn ọlọ́kadà àti èrò ọ̀nà bá wa gbé wọn sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn, Dára bì, Tolú bú sẹ́kún. Màmá ò mira. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní Olúwa, mo ti rí àmì, mi ò béèrè òmíràn mọ́, ṣáà dá Màmá padà fún wa.

Ó pẹ́ lójú mi kí wọ́n tó lajú. Wọ́n wo ọkọ mi tó ń sunkún, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti sanwó ẹ̀ ni?"

"A ò tíì san, mà."

"Ẹ dá a padà fún wọn."

A kó wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fún wọn ní atẹ́gùn mí, gbogbo wọn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wálé. Nígbà tí mẹ́káníìkì sùn sábẹ́ ọkọ̀ náà, ó rí i pé sàlẹ́ńsà ti já lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, èéfín ń wọlé sí wọn lára. Iwájú ni gbogbo wa ń wò.

Pupa la rà. Kí a tó rà á, mẹ́káníìkì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, èmi fúnra mi sì jókòó lẹ́yìn pátápátá títí dé Bódìjà. Dádì Tolú kì í gbé ọkọ̀ kúrò báyìí bí Màmá ò bá tíì dá orin. Bí Màmá bá sinmi láti gbé itọ́ mì, wọ́n á ti bojú wẹ̀yìn: "Màmá?"

Ará, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run, ẹ bá mi yọ̀. Màmá nìyẹn níwájú yẹn. Màmá, ẹ dìde, ẹ dá orin fún wa. Ẹ̀yin ìjọ, bó bá pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ní kí wọ́n dákẹ́.