Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Má Sọdá Wá Dìbò fún Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, èmi náà ti máa ń kà á tipẹ́. Mo ti bá yín bú ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí. Ó ti wá kàn mí báyìí. Ẹ bú mi, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ń ṣàìsàn ní Agboyi, lódìkejì omi. Ọmọ wọn ni wọ́n ń bèèrè. Ọkọ mi sì ní òun kò ní tẹ ibẹ̀ láé. Èmi ni mo fà á, ọkọ mi kò sì mọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kan ni mo ń jókòó sí ní Kétu. Ẹ má wulẹ̀ yínmú, iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ta á wọlé, á mú ẹgbẹ́ tó wù ú, màá tẹ tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ó parí. Ọkọ mi ní tiẹ̀ ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Owódé Onírin.

Nígbà tó ní òun fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀, ẹ̀rín ni mo fi í rín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, èmi ni mo ń bá a gbé. Ọkùnrin tí lándílọ́ọ̀dù bá kan ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé ilé ìwẹ̀ ló máa sá wọ̀, tí á ní kí n sọ pé òun ti jáde! Ó máa ta ẹ́ńjìnnì láwìn fún ẹni tí kò mọ orúkọ ẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá jà, àwọn méjèèjì ló máa bẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ lọ bá wọn ṣe òṣèlú l'Ékòó.

Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá wọ́n lè ta tẹ́tẹ́ lórí ìbò náà. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣe kò gba irú ẹ̀, bọ́ọ̀lù nìkan ni tiwọn. Ni mo bá parọ́ pé ọ̀gá kan wà ní Island tó ń gbà á, pé èmi kàn ń bá a gbowó ni. Kò sí ọ̀gá kankan níbì kankan. Èmi ni ọ̀gá. Mo ní ẹni tó bá mú alátakò ọkọ mi, èrè díẹ̀ ló máa rí, torí ẹgbẹ́ ńlá ló wà lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní ẹni tó bá fi ẹgbẹ̀rún kan lé ọkọ mi, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni á gbà. Ojú ìyàwó ni mo fi wò ó. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Yéè! Àwọn alábàárù Mile 12 wá, àwọn alálùbọ́sà wá, àwọn oníṣòwò Ìkòsì wá, ọkọ mi ni gbogbo wọn ń mú. "Aunty, ẹ kọ ti ọ̀gá wa fún mi jàre, a ti jẹ ẹ́ tán." Mo ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lára ẹ̀ gan-an. Ọ̀kan ní ọjọ́ tí mọ́tò òun kọṣẹ́, ọkọ mi ló fún òun ní ẹ́ńjìnnì láwìn. Òmíràn ní kì í bá ènìyàn jà. Ohun tó ń bí mi nínú nílé, òun náà ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ níta. Ọkọ mi gbọ́ pé wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn, ó tún ń rán ènìyàn sí mi!

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìbò dé, oorun ò kùn mí mọ́. Owó tí mo gbà ti bá owó iléèwé àwọn ọmọ lọ. Tí ọkọ mi bá wọlé, àwọn ará Mile 12 máa wá gba owó wọn lọ́wọ́ ọ̀gá tí kò sí. Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó. Wọ́n máa fà mí ya, wọ́n á sì fa òun náà mọ́ mi. Kánsẹ́lọ̀ tí ìyàwó ẹ̀ lu ìlú ní jìbìtì, ibo ló fẹ́ fojú sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ǹ bá ti jẹ́wọ́ fún un nígbà náà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ìyá ẹ̀ ló ti lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Agboyi, tí wọ́n bẹ àwọn ènìyàn wọn kí wọ́n dìbò fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Kétu ni wọ́n ti forúkọ sílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló sì máa gbé wọn wá. Èmi ni ọkọ mi ní kí n bá Bàbá Sẹ́míù ọlọ́kọ̀ ṣètò ẹ̀. Ó ní mo mọ ètò ṣe ju òun lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, mo pe Bàbá Sẹ́míù lórí fóònù. Mo ní ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní Kétu, wọ́n ń yọ àdá síra wọn, wọ́n ti gbé àpótí ìbò sá lọ, kó sọ fún gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni má sọdá. Irọ́ ni. Ibi ìdìbò wa tutù minimini, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Ṣùgbọ́n ta ló máa jiyàn? Gbogbo wa la ti rí irú ẹ̀ rí. Wọ́n jókòó sílé wọn.

Ọkọ mi ń wo ọ̀nà títí. Ó ní kí n pè wọ́n. Mo ní mo ti pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Ìbò tí kò tó nǹkan ni wọ́n fi borí ẹ̀.

Àbúrò ìyá ẹ̀ ọkùnrin wá láti Agboyi, ó ṣàlàyé pé wọ́n ní ìjà ń lọ ni àwọn ò fi wá. Ọkọ mi ò jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀. Ìjà wo? Ó ní òun wà níbẹ̀ láti àárọ̀, òun ò rí ẹni tó gbá ẹnìkan létí. Ó ní kí wọ́n kúkú sọ pé àwọn ti gbowó lọ́wọ́ alátakò òun. Ẹni tí kì í bá ènìyàn jà, ó lé bàbá àgbà jáde nílé. Látìgbà náà, kò dé Agboyi mọ́. Tí ọdún bá dé, èmi ló máa ń rán.

Ẹ gbọ́, mi ò ní sunkún síbí kí ẹ lè káàánú mi. Owó yẹn ló mú àwọn ọmọ dúró níléèwé. Òun náà jẹ nínú ẹ̀, ó ní ọbẹ̀ dùn. Àwọn tó ta tẹ́tẹ́, mi ò yọ ìbọn sí wọn. Àwọn tó ń fi ìrẹsì ra ìbò, ta ló ní kí wọ́n wá jẹ́wọ́? Èmi nìkan ni ẹ fẹ́ sọ di Sàtánì? Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé Bàbá Sẹ́míù ò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Mo ti fún un ní nǹkan, mo rò pé ohun tí mo fún un ló dí i lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ wo ìyá. Wọ́n ti gbẹ. Bí wọ́n ṣe rí mi, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò, bóyá ọmọ wọn ń tẹ̀ lé mi bọ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ọjọ́ ìbò yẹn..." Wọ́n gbọ́wọ́ sókè.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá Sẹ́míù ti sọ fún mi. Èmi ni mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́."

Mo ní kí ló dé tí wọ́n ò sọ fún ọmọ wọn.

Wọ́n ní, "Kó lè lé ẹ? Ta ló máa wo àwọn ọmọ? Ìyàwó lèèyàn ń kọ̀. Kò sí bó ṣe fẹ́ kọ ìyá. Mo ní jẹ́ kó máa bínú sí mi, ó ń bọ̀ wá yọ́."

Kò yọ́. Wọ́n mú mi búra pé mi ò gbọdọ̀ sọ fún un láé. Wọ́n ní kí n ṣáà mú un wá, kí àwọn rí ojú ẹ̀.

Mo délé, mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní, "Kí wọ́n lọ pe ẹni tí wọ́n dìbò fún kó wá wò wọ́n."

Ẹ̀yin ará, gbogbo ẹnu tí mo ń fọ́n látòkè wá yìí, ọ̀rọ̀ yẹn ti gbà á lẹ́nu mi. Ìyá yẹn gba ìyà mi jẹ, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń bá mi ṣeré, wọ́n ń fi ẹja ránṣẹ́ sí mi. Láàárọ̀ yìí, Bàbá Sẹ́míù pè mí pé wọn ò jẹun mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bi yín bóyá mo jẹ̀bi. Ẹ má sì ní kí n lọ gbàdúrà. Ìbúra ìyá wà lọ́rùn mi, ọmọ wọn sì wà ní yàrá kejì tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni màá sọ fún un tí á fi dìde?