Ọ̀já Àbẹ̀kẹ́ Tí Mo Gé Fún Ajá

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri, ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá. Ká ní ó ṣépè fún mi ni, bóyá ǹ bá rí oorun sùn.

Òṣogbo ni wọ́n ti bí mi, ilé Mùsùlùmí ni. Nílé wa, bí itọ́ ajá bá kan aṣọ èèyàn, onítọ̀hún á fọ aṣọ náà kó tó kírun. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo wá délé ọkọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, mo bá ajá nínú agbo ilé. Ọdẹ ni bàbá ọkọ mi. Tanímọ̀ ni wọ́n sọ ajá wọn, ajá pupa kan tí etí rẹ̀ kan ti ya. Lákọ̀ọ́kọ́, tó bá ti ń bọ̀, màá gun orí àpótí, gbogbo ilé á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Bàbá ló là mí lójú. Nígbà òjò tí wọn kì í lè lọ sígbó, ajá á kàn máa sùn ni, tó bá sì jí, á máa jẹ bàtà onílé. Bàbá ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á di awọ ẹtu sínú àkísà, wọ́n á fi pamọ́ sínú ebè tàbí sábẹ́ igbá, wọ́n á ní kí ajá lọ wá a. "Àwárí" ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo mọ abẹ́rẹ́ lò, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Mo máa ń rán àwárí bíi bọ́ọ̀lù kékeré, màá ki òwú sínú rẹ̀, màá fi irun ọ̀yà tàbí ìyẹ́ àparò sí i. Nígbà míì, màá tì í bọ inú akèrègbè tí mo lu ihò sí, kí ajá máa yí i kiri títí á fi rí i yọ. Tó bá rí i, á dùbúlẹ̀, á gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé e, á wá wò mí. Màá sì fún un léérún ẹran gbígbẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ń gun àpótí nítorí rẹ̀, mo wá ń fọwọ́ ara mi pa á lórí.

Àbẹ̀kẹ́ ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni. Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ délé, torí náà ó ń pè mí ní Ìyá Délé, èmi ń pè é ní ìyàwó. Ó bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà ò tíì rìn tó fi kú. Àwọn àgbà ní kí wọ́n kó gbogbo nǹkan ọmọ náà dànù, kí ìyá rẹ̀ má baà máa wò wọ́n sunkún. Wọ́n kó wọn dànù. Mi ò mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ ti fi ọ̀já tó fi ń pọn ọmọ náà pamọ́. Inú apẹ̀rẹ̀ àkísà ló tì í sí, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tó rò pé kò sẹ́ni tó máa wò.

Apẹ̀rẹ̀ àkísà yẹn ni mo ti ń mú aṣọ tí mo fi ń rán àwárí.

Mo gé e. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀. Òjò ọdún yẹn pọ̀, awọ ẹran ti tán lọ́wọ́ wa, ọ̀já náà sì ń ta sánsán. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń ṣe àdín ránṣẹ́ sí i láti Ọ̀tan-Ilé, ó máa ń fi kànáfùrù sí i, kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì nílé wa. Àdín yẹn ni Àbẹ̀kẹ́ fi ń pa ọmọ rẹ̀ lára. Mo rò pé òórùn náà á dáa fún ajá láti máa wá kiri. Kò pẹ́ tí ajá fi mọ̀ ọ́n ju ti ẹtu lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àbẹ̀kẹ́ wá bá mi lẹ́yìn ilé. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Délé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò rí ọ̀já kan nínú apẹ̀rẹ̀ àkísà? Èyí tó ní ìlà funfun?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ajá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwárí wà lẹ́nu rẹ̀, ẹrẹ̀ ti bò ó. Àbẹ̀kẹ́ wò ó, kò dá a mọ̀. Mo ní, "Rárá o, ìyàwó, mi ò rí i." Ó dúpẹ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fi nǹkan ọmọ pamọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọmọ pé ọ̀já ọmọ rẹ̀ ló wà lẹ́nu ajá yẹn? Mo ní tó bá yá màá sọ. Mo gba àwárí náà, mo fi pamọ́, mo rán òmíràn fún ajá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iyùn ìyá ọkọ mi sọnù. Iyùn ìdílé ni, ọwọ́ ìyá tó bí wọn ni wọ́n ti gbà á. Inú àpò aṣọ kan ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Àbẹ̀kẹ́, tó ń wá ojúrere wọn, ti bù nínú àdín rẹ̀ fún wọn kí wọ́n máa fi pa iyùn náà, kó lè máa dán. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lò ó, àpò òfìfo ni wọ́n bá. Ilé dàrú.

Nílé wa, tí nǹkan Bàbá bá sọnù, ajá ni wọ́n fi ń wá a. Ó ti wá ọ̀bẹ rí, ó ti wá àpò ẹ̀tù rí. Torí náà, nígbà tí Bàbá ní kí wọ́n mú ajá wá, kò sẹ́ni tó jiyàn. Wọ́n ní, "Tanímọ̀ éè purọ́ rí nínú ulé yìí." Wọ́n gbé àpò òfìfo náà sí i nímú.

Ajá gbóòórùn àdín. Eré ló kà á sí. Ó ju ìrù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, gbogbo ilé tẹ̀ lé e. Kò ya yàrá kankan àfi ti Àbẹ̀kẹ́. Inú àpótí Àbẹ̀kẹ́ ni ìgò àdín wà. Ajá dùbúlẹ̀ síwájú àpótí náà, ó gbé àgbọ̀n lé e. Nínú gbogbo èrò tó dúró síbẹ̀, èmi ló wò. Ó ń retí ẹran rẹ̀.

Wọ́n tú àpótí náà, wọn ò rí iyùn. Wọ́n ní ó ti gbé e lọ sílé wọn nígbà tó lọ kí ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ń bú u, ọkọ rẹ̀ náà bá wọn bú u. Àbẹ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó di ìró mi mú.

"Ìyá Délé, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ṣáà mọ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, pé àdín ni ajá ń wá, kì í ṣe iyùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí ibi tí ajá ti mọ òórùn àdín, àfi kí n sọ ti ọ̀já. Gbogbo ilé á gbọ́ pé mo gbé ọ̀já òkú ọmọ fún ajá, wọ́n á sì gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ló fi í pamọ́. Mo sọ fún ara mi pé òun ni mo ń bò láṣìírí. Irọ́ ni. Ara mi ni mo ń bò. Mo já ìró mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé lọ dáná.

Kó tó di pé oṣù yẹn parí, wọ́n ti dá a padà sílé wọn. Títí di òní, wọn ò rí iyùn náà. Mi ò mọ ẹni tó mú un. Nígbà míì mo máa ń sọ pé bóyá òun náà ló mú un lóòótọ́, kí ara lè tù mí. Kò tù mí. Mi ò rán àwárí mọ́. Bàbá bi mí títí, mo ní ojú ń dùn mí. Bàbá ti kú báyìí, ajá náà ti kú, ìyá ọkọ mi ti kú. Èmi nìkan ni mo kù tí mo mọ ìdí tí ajá fi lọ síbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé aṣọ lọ tà ní Ọ̀tan-Ilé. Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Àbẹ̀kẹ́ ni. Ó ti rù. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ mọ́, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi obìnrin tí ajá ọdẹ mú ṣaya. Ó wá ìjókòó fún mi, ó bu omi tútù fún mi mu.

Ó ní, "Ìyá Délé, gbogbo ulé ló bú mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò bú mi. Mo máa ń gbàdúrà fún yín."

Mo gbé omi náà sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ó rò pé ẹkún ọjọ́ pípẹ́ ni mo ń sun. Ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó ní ó ti tó. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Gbogbo ẹrù mi tó kù lọ́dọ̀ yín, mi ò béèrè ẹ̀. Ọ̀já yẹn nìkan ni. Bẹ́ ẹ bá rí i lọ́jọ́ kan, ẹ bá mi mú un wá."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó wà lọ́wọ́ mi. Ìsàlẹ̀ àpótí mi ló wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí mo ṣe rán an. Mo tú u lánàá. Ohun tó kù níbẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, eyín ajá ti dá a lu káàkiri, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e sún mọ́ imú, mo ṣì ń gbóòórùn kànáfùrù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ pe ìdílé ọkọ mi jọ, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kí orúkọ Àbẹ̀kẹ́ lè mọ́, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé èmi ni wọ́n máa lé jáde? Àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá òun fúnra rẹ̀? Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ lọ. Mo ti di ẹrù. Ohun tó dá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ni aṣọ yìí. Bí mi ò bá fọ̀ ọ́, òórùn ajá ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Bí mo bá sì fọ̀ ọ́, òórùn ọmọ rẹ̀ á bá omi lọ. Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ sọ fún mi: ṣé kí n fọ̀ ọ́?