Ìyípo Kan Tó Ṣẹ́kù

Alága wa, ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó láti aago méjì tí ẹ ò sì tíì mu ju omi lọ, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà Ẹgbẹ́ Eléré Ìje, ọkàn ni mo fi dọ̀bálẹ̀ fún yín, nítorí dókítà ní gìgísẹ̀ mi ti di ti ẹni àádọ́rin ọdún, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀yin lẹ máa gbé mi dìde. Akọ̀wé wa, mo rí yín bí ẹ ṣe ń wo aago ọwọ́ yín. Ẹ̀yin àlejò, ẹ̀yin oníròyìn, Màámi tí wọ́n gba àga méjì níwájú, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o.

Wọ́n ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dágbére fún eré sísá. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi sá ẹgbàárùn-ún mítà, kò sí ọjọ́ kan tí mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá parí ẹ̀. Ẹ má retí ẹ̀ lónìí.

Ẹ̀yin oníròyìn kọ ọ́ pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn eré sísá. Irọ́ ni. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ mí. Ní ilé ìwé abúlé wa, ọmọ tó bá pẹ́ yóò máa yí pápá ká títí yóò fi bẹ̀bẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni mò ń pẹ́. Lọ́jọ́ kan Tíṣà ní, "Sá títí wàá fi bẹ̀ mí." Mo ní, "Ó dáa, sà." Wọ́n kọ́ ìṣirò, mò ń sá. Wọ́n kọ́ ìtàn, mò ń sá. Wọ́n lu agogo ìparí, gbogbo ọmọ lọ sílé, mò ń sá. Ìgbà tó yá Tíṣà jáde tàwọn ti àpò wọn, wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, ebi ń pa mí, jẹ́ ká lọ sílé." Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló bẹ ta?

Tíṣà yẹn ló di kóòṣì mi. Àwọn nìyẹn, tí wọ́n dé fìlà pupa. Kóòṣì, ẹ jí mi láàárọ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ẹ ò sì fìgbà kan jẹ́ kó sú yín. Mo ti bá yín jà nítorí oorun, nítorí ẹyin sísè, nítorí bàtà. Ẹ dárí jì mí, àfi ti bàtà. Ti bàtà, èmi ni mo jàre.

Màámi náà wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n di irin ọgbà mú, wọ́n ń kígbe, "Ta ló ń lé e? Ṣé ẹ ò ní gba ọmọ mi sílẹ̀ ni?" Wọ́n ní èmi ni mo ṣe ipò kìíní. Màámi ní, "Ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn báyìí?"

Ẹ ti pàtẹ́wọ́ fún ìgbà mẹ́fà tí mo gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ ṣeun. Ìkeje tí mi ò gbà ni mo fẹ́ sọ.

Gbogbo yín lẹ mọ ọjọ́ náà, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìyípo mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni eré wa. Èmi ni mo wà níwájú. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo nà gbalaja sílẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ Wáyà, tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn, kọjá lára mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti kú ni?" Mo rò pé ó ń jowú ni. Mo juwọ́ sí i. Àwọn méje ló kọjá kí n tó mọ̀ pé ó ku ìyípo kan.

Kí ni mo sọ fún àwọn oníròyìn? Mo ní Bàbá Aláago ló fà á. Bàbá tó ń ka ìyípo fún wa láti ọgbọ̀n ọdún, tó máa ń lu agogo tó bá ku ẹyọ kan. Mo ní wọ́n ṣì í kà, pé ìgbà tí mo parí ni wọ́n tó rántí lu agogo. Ẹ gbà mí gbọ́ torí pé olókìkí ni mí. Ẹgbẹ́ gba agogo lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n ní kí wọ́n máa to àga. Àga tí ẹ jókòó sí yìí, àwọn ló tò ó. Àwọn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ẹ wá gbọ́ òótọ́. Mi ò gba ìṣirò ẹnikẹ́ni gbọ́. Rọ́bà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo máa ń wọ̀ sọ́wọ́ òsì. Tí mo bá yípo kan, màá fa ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún. Tí ọwọ́ òsì bá ṣófo, ó parí nìyẹn. Kóòṣì ní, "Wo pátákó, gbọ́ agogo." Mo ní ó tì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo jẹ ìlàjì búrẹ́dì, èèrà wà nínú yàrá, mo sì wá nǹkan tí màá fi di ọ̀rá rẹ̀. Mo bọ́ rọ́bà kan lọ́wọ́. Mo ní màá fi òmíràn dípò ẹ̀.

Ṣé mo fi dípò ẹ̀? Nígbà tí mo délé, tìbínú tebi, mo fa búrẹ́dì náà mọ́ra, mo sì rí i: ìyípo kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mi wà lọ́rùn ọ̀rá búrẹ́dì. Ara mi bù máṣọ. Mo kọ́kọ́ jẹ búrẹ́dì náà ná, ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́.

Èmi àti búrẹ́dì nìkan la mọ̀. Ojú ló tì mí. Ta ló fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun ò lè kà dé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pàápàá tó bá jẹ́ pé tíṣà ìṣirò rẹ̀ ni kóòṣì rẹ̀? Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀: wọ́n kọ́ ìṣirò, mò ń sá.

Rọ́bà náà rèé. Bàbá, ọdún mẹ́rin, ẹ ò sọ̀rọ̀ mi láìdáa. Lóṣù tó kọjá ẹ pàdé mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ọ́fíìsì, ẹ gbé àga mẹ́fà dání, ẹ ní, "Ọmọ mi, gìgísẹ̀ ń kọ́?" Mo purọ́ mọ́ yín. Ẹ dárí jì mí.

Akọ̀wé, agogo tí ẹ ti ń wá láti Ọjọ́bọ̀, abẹ́ tábìlì yìí ló wà. Èmi ni mo gbé e. Alága, ẹ má sọ fún mi pé ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí. Ẹ ò jókòó nígbà tí ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, lórí ìdúró náà ni kí ẹ dá a padà. Mi ò ní kúrò níbí títí ẹ máa fi ṣe é. Ẹ bi Kóòṣì, wọ́n mọ̀ mí.

Ẹ ní kí n gbé e fún wọn? Ẹ ṣeun, Alága. Bàbá, ẹ gbà á. Ẹ lù ú kí n lọ jókòó.

Ẹ ní kí ni? Bàbá ní àwọn kì í lu agogo fún ẹni tó dúró.

Ó dáa, sà. Ẹ bá mi di kóòtù yìí mú. Ààyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yí gbọ̀ngàn ká, Bàbá ló to àga ọ̀hún, ó gún régé. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí fèrèsé. Màámi, ẹ jókòó, kò sẹ́ni tó ń lé mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí gìgísẹ̀ yín bá yín kalẹ́. Kí ẹ má pàdánù ẹni tó ń bá yín kà á bó ṣe yẹ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ parí ohun tí ẹ bẹ̀rẹ̀, kódà tó bá pẹ́ ọdún mẹ́rin.

Ẹ ṣé o. Bàbá, ẹ lù ú.