Ohun Tó Wà Lábẹ́ Odó Ìyá Ràṣídà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù ń bà mí. Láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò lè jẹun yó mọ́. Mo ṣe nǹkan kan tí kò dáa, mo sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bú mi, ẹ gbọ́ mi yé.

Ọmọ Òdìgbó ni mí, obìnrin tó ti dàgbà. Bàbá wa tó dáko kòkó ló kọ́ ilé tí mò ń sọ yìí. Nígbà tí wọ́n kú, a fẹ́ tà á, kò sẹ́ni tó rà á. Àwọn tó wá wò ó á wo páànù tó ti dípẹtà, wọ́n á wo ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Ẹ mọ irú "mò ń bọ̀" yẹn náà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó, Bọ̀dá Ọlá, ní ká tún un ṣe. Èmi tí mò ń gbé ní òdìkejì títì ni wọ́n fi ṣe alábòójútó. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ra táìsì, mo ní kí wọ́n kan àjà funfun sí pálọ̀, mo kun iwájú ilé. A ṣe ilé ìgbẹ́ olómi sínú ilé.

Ó wá ku ṣáláńgá. Bàbá ló gbẹ́ ẹ. Bí ọkùnrin mẹ́ta bá gun èjìká ara wọn nínú rẹ̀, ẹ ò ní rí orí ẹni òkè. Bíríkìlà ní ká da òkúta àti yẹ̀pẹ̀ kún un dé ẹnu. Mo gbọ́ o, mi ò lè ní mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n owó ti tán sí iwájú ilé, ẹni tó fẹ́ rà á sì ti ń bọ̀. Mo ní kó to pákó lé ẹnu ihò náà, kó da kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Ó kọ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo pe ẹlòmíràn tí kò béèrè nǹkan kan. Nígbà tó gbẹ, ó dán. Èmi fúnra mi ni mo gbá a.

Alájì kan tó ní mọ́tò ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀ ló rà á. Ariwo Ọ̀rẹ̀ ló sú u. Nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé, ó fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, "Ibí yìí mà le o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bọ̀dá Ọlá, tí wọ́n wá láti Èkó lọ́jọ́ náà, mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù ni wọ́n ń wò.

Yéè! Ibẹ̀ gan-an ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràṣídà, sọ di ibi ìdáná. Ibẹ̀ ló ti ń gún iyán. Ilẹ̀ tó dì máa ń dún kì, kì. Tiwọn ń dún bí ẹni ń lu àgbá òfìfo. Mò ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé mi. Á tún bu iyán ránṣẹ́ sí mi. Mo máa ń jẹ ẹ́, n ó sì dá abọ́ padà.

Lọ́jọ́ kan, mo purọ́ fún un pé èèwọ̀ ilé wa ni, a kì í gúnyán níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, Mùsùlùmí ni wá. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa." Ká ní òótọ́ ni mo sọ ni, kò ní rẹ́rìn-ín.

Òjò wá dé, ilẹ̀ náà là. Ó pè mí kí n wá wò ó, ó ní kí n bá òun wá ẹni tó máa fi sìmẹ́ńtì dí i. Mo gbé ọwọ́ lé ojú ibi tó là. Atẹ́gùn tútù ń tibẹ̀ jáde.

Mo pe Bọ̀dá Ọlá. Wọ́n ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́. Tó o bá sọ̀rọ̀, Alájì á ní ká dá owó òun padà. Ṣé o ní i?" Mi ò ní i. Mo ti ná tèmi. Mo sì pa ẹnu mọ́.

Ṣùgbọ́n Ràṣídà, àkọ́bí wọn, ti bímọ. Ọ̀la ni ìkómọ. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni wọn yóò ti dáná, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò yóò pé jọ sí. Láàárọ̀ yìí, Ìyá Ràṣídà wá yá odó mi kún tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣépè fún mi: mo yọ̀ǹda rẹ̀. Mo tún kí i kú oríire.

Alájì lè dá ilé padà, owó á bọ́ lọ́wọ́ wa, ẹ̀gbọ́n mi lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ti rò ó títí. Kò sí èyí tó tó ẹ̀mí èèyàn nínú wọn. Mò ń gbọ́ ọ báyìí tí wọ́n ń yí odó mi lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ti wọ bàtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, tí mo bá kan ilẹ̀kùn tí obìnrin yẹn bá rẹ́rìn-ín sí mi, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?