Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ Nípa Àwọn Ará Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará Ìkìrun, ẹ̀yin èèyàn Inísà, ẹ̀yin ọmọ Òkukù, kí eré òní tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún mi láàyè kí n tú ohun tó ti wà níkùn mi láti ọdún méje jáde. Èmi Ayọ̀díjí, tí gbogbo yín ń pè ní Tíṣà, ni mò ń sọ̀rọ̀. Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n la ikùn mi ní ọsibítù ní Òṣogbo lóṣù tó kọjá. Ikú dé ẹnu ọ̀nà, ó yọjú wò mí, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tí mo lajú, inú mi dùn débi pé ògiri ni mo kọ́kọ́ kí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí Olúsọjí, ọmọ tí mo ṣẹ̀, ojú sì tì mí pé irú èmi ni Ọlọ́run dá sí. Òtítọ́ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀.

Ẹ rántí bí Ife Ìlú Mẹ́ta ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo gbé rọ́gíbì wálé láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Kàdúná, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní bọ́ọ̀lù àgbámọ́ra, nítorí pé àyà ni wọ́n ń gbá a mọ́, tí wọ́n á sì máa sá lọ bí ẹni jí adìyẹ gbé. Ẹni mẹ́tàlá lápá kan, ẹni mẹ́tàlá lápá kejì, ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù lulẹ̀ lẹ́yìn ilà àwọn alátakò ló jẹ. Áà, ó dùn! Ṣùgbọ́n ìlú mẹ́ta péré la jọ ń bá ara wa yí i. Nígbà tó ṣe, àwọn ará Inísà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá ikọ́ àwọn ará Òkukù mọ̀ lókèèrè, àwọn èèyàn ò sì wá wòran mọ́. Ni mo bá dìde nípàdé ìgbìmọ̀, mo fọwọ́ sọ̀yà, mo ní lọ́dún tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè. Bàbá Olúbọ̀dé, alága wa, fò sókè. Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé àwọn tó ń sọ èdè tá ò gbọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ò rí ẹnu mi!

Ṣábẹ̀ẹ́, lọ́nà Kùtọnu níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni mo ti rí ẹgbẹ́ náà. Ọmọ tó mọ eré ni wọ́n, balógun wọn sì ń jẹ́ Oyèdélé. Ẹ tún orúkọ yẹn gbọ́: Oyèdélé. Yorùbá bíi tèmi àti tiyín ni gbogbo wọn, òyìnbó ló kàn fa ààlà sáàárín wa. N ò ro èyí sí wàhálà títí mo fi lọ pàdé ọkọ̀ wọn ní Òṣogbo, lọ́dún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Bí a ṣe ń bọ̀, ọ̀kan nínú wọn fi Yorùbá bi mí bóyá iyán Ìkìrun máa ń kúnná. Mo rántí gbogbo èèyàn tó tò sí ẹ̀bá títì, tí wọ́n ń dúró de ará òkèèrè. Wọ́n á ní ẹbí mi ni mo lọ ṣà jọ. Mo bá bẹ̀ wọ́n pé títí wọ́n á fi lọ, Faransé nìkan ni kí wọ́n máa sọ. Oyèdélé rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Tíṣà, a wá kí ẹbí, ẹ ní ká ya odi?" Ṣùgbọ́n ó gbà. Eré ló pè é.

Ọ̀sẹ̀ yẹn dùn! Àwọn ará Ìbà fi oko sílẹ̀ wá wòran. Ìyá kan wo ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ èyí bí igi ìṣáná, òun náà fẹ́ sáré?" Ọmọ náà rọra kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Bàbá Olúbọ̀dé ń pariwo sí wọn létí, "Ẹ! KÁÀ! BỌ̀!" Oyèdélé tẹrí ba, ó fi Faransé dúpẹ́, ó ní, "Mẹsí." Búrẹ́dì àti tíì la fi ń bọ́ wọn láàárọ̀ lálẹ́, nítorí pé a ò mọ ohun tí ará òkèèrè ń jẹ, òórùn ọbẹ̀ ilé kejì sì ń dá wọn lóró. Síbẹ̀ wọ́n na Òkukù. Ìkìrun na Inísà. Ó wá ku àwa àti àwọn.

Olúsọjí ni balógun wa, wẹ́dà létí gáréèjì, ọmọ kan ṣoṣo ìyá rẹ̀. Tí wọ́n bá ń bá Inísà tàbí Òkukù ṣe é, àmì ọwọ́ ló fi ń sọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kí alátakò má bàa gbọ́. Nígbà tí àṣekágbá ku ọ̀la, ó wá bá mi nílé. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn èèyàn yìí ò gbọ́ Yorùbá rárá? Tí wọn ò bá gbọ́, màá pa àmì tì, màá kàn máa pariwo ẹ̀ ni. Á tètè yé àwọn ọmọ." Ẹ̀yin èèyàn mi, ààyè wà níbẹ̀ fún mi. Èmi àti ẹ̀ nìkan la wà. Mo wo ojú ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, "Olúsọjí, wọn ò gbọ́ 'wá jẹun.'"

Lọ́jọ́ kejì ó pariwo, "Apá òsì!" Kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀, àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ti dúró sí apá òsì. Ó pariwo, "Akeem, tàn wọ́n, kó o dá a padà sẹ́yìn!" Akeem ò rẹ́ni tàn. Wọ́n nà wá, wọ́n gba ife, ẹ̀yin fúnra yín sì gbé wọn sọ́rùn, ẹ ń jó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀, Oyèdélé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Tíṣà, etí ò ní ilẹ̀kùn. Tá a bá lọ tán, ẹ sọ fún wọn o." Mo ní màá sọ. Irọ́ ni mo tún pa.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí. Wọ́n ní báwo ni àlejò ṣe mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, bí kì í bá ṣe pé ẹnìkan ta àṣírí? Wọ́n rántí pé Oyèdélé jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Olúsọjí lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n pèpàdé. Olúsọjí ní, "Ẹ bi Tíṣà. Tíṣà mọ̀ mí." Bàbá Olúbọ̀dé kọjú sí mi: "Tíṣà, ṣé ọmọ yìí tà wá?" Ibí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo tún awò ojú mi ṣe, mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, inú ọmọ èèyàn jìn." Ó parí. Wọ́n gba ipò balógun lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ Ìbàdàn. Màmá rẹ̀, tí kì í pa eré kankan jẹ, bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má bàa kọjá létí pápá. Tá a bá pàdé, wọ́n á ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, Tíṣà." Èmi aláìnítìjú yìí á sì jẹ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú abẹ mi ò tíì jinná dáadáa, mo wọkọ̀ lọ Ìbàdàn. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún Olúsọjí níbi tó ti ń jó irin. Ó gbé irin sílẹ̀. Ó wá ní, "Tíṣà, gbogbo ariwo tí mò ń pa yẹn, wọ́n ń gbọ́ ọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mi mú. Ó ní, "Ní tèmi, mo ti dárí jì yín, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní eré yìí. Ṣùgbọ́n gbangba lẹ ti jẹ́ kójú ti màmá mi. Gbangba náà ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wo àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó tún padà wá, tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ṣàwàdà látàárọ̀, tí iyán kún ikùn wọn. Ta ló fi pápá sílẹ̀ nítorí ẹ̀? Ayọ̀ tí mo ní mò ń dáàbò bò kò nílò irọ́ mi rárá. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Màmá Olúsọjí, ẹ̀ ń bi mí láàárọ̀ ìdí tí mo fi ní kí wọ́n gbé àga yín wá síwájú. Ìdí ẹ̀ nìyí. Ọmọ yín ò tà wá. Èmi ni mo tà á. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Olúsọjí wà lẹ́nu géètì lẹ́yìn yín yẹn. Ó ní òun ò ní wọlé, àfi tẹ́ ẹ bá wá mú òun lọ́wọ́. Ẹ dìde, Màmá. Eré á dúró dè yín.