Ìgò Omi Rauf

Silas, má dọ̀bálẹ̀ fún mi! Mo ní kí o dìde nílẹ̀! Ṣé ìdọ̀bálẹ̀ ni mo gbé fún ọ? Ìgò omi onírin tí ṣọ́jà fi ń mumi ni mo gbé fún ọ, èmi Jìbírílù, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi gbé e láti Joju títí dé Ilo-Awela níbi tí o ti ń yọ́ irin, o sì ní, "Bàbá, mo kàn máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ yanrìn ni, kí n lè rí àpẹẹrẹ rẹ̀, ẹ ó gbà á padà kílẹ̀ tó ṣú." Ìwọ kọ́ lo sọ bẹ́ẹ̀? Hẹ̀n?

Ère ìrántí àwa tá a lọ sógun Biafra, kí la jọ fẹnu kò sí? Ṣọ́jà méjì. Ọ̀kan jókòó sílẹ̀, ó ti gbọgbẹ́, èkejì ń fún un lómi mu. Kò síbọn! Mo ní n ò fẹ́ ìbọn, torí ìbọn kọ́ ló gbé mi délé, omi inú ìgò yẹn tí Rauf, ṣọ́jà ẹlẹgbẹ́ mi, fún mi mu ni, ó fún mi mu tán, òun wá kú sọ́hùn-ún! Ìwọ alára gbọ́ ọ, o sunkún, o ní ẹni tó bá rí irú ère bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé èèyàn ni ṣọ́jà. Àṣé ẹkún irọ́ ni.

Kọmití tó gbéṣẹ́ ère fún ọ ló ní kó o yí i padà? Wọ́n ní ṣọ́jà tí ò níbọn ń jọ alágbe? Èwo nínú wọn ló gbọ́ ìró ìbọn rí? O dẹ̀ gbà fún wọn, o ò ránṣẹ́ pè mí, ó di àárọ̀ yìí tí mo ká tapólì kúrò lórí ère kí n tó rí géńdé kan ṣoṣo tó na ìbọn sókè! Mo ṣì ní kò burú, ẹ ti rẹ́ wa jẹ, kí n gba ìgò mi kí n máa lọ. Ìgbà yẹn lo wá ní irin ò tó, ó ku ẹnu ìbọn nìkan, ìgò ló wà nítòsí, o bá jù ú síná.

Súbúhánà-Lláhì! Silas! Ohun tí mo fi mumi tí mi ò fi kú, òun lo fi ṣe ẹnu ìbọn!

Ṣé tèmi ni ìgò yẹn ni? Àdìzát, àbúrò Rauf, ló ni ín. Wọn ò gbé òkú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wálé, kò sí sàréè tó lè lọ kí, ìgò yẹn nìkan ni mo rí gbé bọ̀ fún un, láti ìgbà náà kò sí ààwẹ̀ kan tí kì í fi omi inú ẹ̀ ṣínu. Kò fẹ́ gbé e sílẹ̀! Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo búra, mo ní Wàláhì, Silas ò ní já wa kulẹ̀.

Kí lo wí? O máa ṣe òmíràn? Ṣé Rauf á mu nínú ìyẹn náà ni? Dákẹ́ jàre!

Gbé ayùn irin ẹ. Má wo kọmití, má wo Sátidé tí wọ́n fẹ́ ṣí ère. Gé ẹnu ìbọn yẹn fún mi, fi aṣọ mímọ́ dì í, ká jọ máa lọ sílé Àdìzát. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èmi ò ní sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o. Ìwọ lo máa gbé e lé e lọ́wọ́, ìwọ lo máa sọ fún un pé ẹnu ìbọn yìí ni kó máa fi ṣínu.